Yàrà Erédò tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Inú yàrà ni mo dúró sí yìí, lápá Erédò, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ wo ògiri ilẹ̀ pupa yìí. Omi ń sẹ́ lára rẹ̀, ewé wéwé ti bò ó, igi ta ẹ̀ka pàdé lókè débi pé oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ ráàyè wọlé. Láti ìsàlẹ̀ dé téńté odi, àwọn ibì kan ga tó mítà 20, bí ilé alájà mẹ́fà.

Ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú yàrà, etí ibẹ̀ náà ni wọ́n dà á sí, tó di odi. Bí yàrà ṣe ń jìn ni odi ń ga. Báyìí ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, nǹkan bíi kìlómítà 160!

Àwọn àgbà ní Bílíkísù Súngbọ́, olówó obìnrin tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parun. Ojú oórì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn èèyàn sì ń lọ ṣàdúrà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn kan ní òun ni Ayaba Ṣébà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn náà, àmọ́ ayé Sólómọ́nì ti jìnnà ju ìgbà tí wọ́n mọ odi yìí lọ.

Báwo la ṣe mọ̀? Èédú ni. Èédú tó wà lábẹ́ odi ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ ọdún. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí wọra bí katapílà bá já odi, tí típà kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ. Èédú bá a lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà.

Láti 1995 ni yàrà Erédò ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Òfin wa ti 1979 náà sọ pé ẹni tó bá rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí láàárín ọjọ́ méje.

Ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ lápá ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ rin ààlà ilẹ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí kòtò gígùn tó ní òkè létí, kì í ṣe àgbàrá ló gbẹ́ ẹ. Ẹ má dí i.