Síídì mélòó ló máa gba 1 TB?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò wá. Ìṣirò kan tó dà bíi pé ó rọrùn la fẹ́ ṣe lónìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í ṣe. Ká ní hádì dískì 1 TB wà lọ́wọ́ yín, ó kún dẹ́nu, ẹ wá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí síídì, mélòó lẹ máa lò? Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní 1 TB, mílíọ̀nù kan MB nìyẹn, síídì kan ń gba 700 MB, wọ́n á fi 700 pín mílíọ̀nù kan, 1,429 á jáde. Kì í ṣe 1,429 o, 1,357 ni. Síídì 72 ló lé, ẹ jẹ́ ká jọ wá ibi tó gbà wọlé.

Ẹ wo ojú síídì òfìfo yìí dáadáa. Wọ́n kọ 700 MB sí i, wọ́n tún kọ 80 min sí i. Iṣẹ́jú yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú, torí orin ni Philips àti Sony dìídì ṣe síídì fún, orin náà ló sì wà lórí ẹ̀ nígbà tó jáde sọ́jà ní Japan lọ́dún 1982, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a níbẹ̀ ni. Lábẹ́ ojú tó ń dán yẹn, ọ̀nà tín-ín-rín kan ṣoṣo ló wà, àárín ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń yí po, ó ń yí po títí tó fi dé etí, iná lésà á wá máa tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n gé ọ̀nà yẹn sí ègé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sẹ́kítọ̀, 75 ló ń kọjá láàárín sẹ́kọ́ńdì kan tí orin bá ń lọ. Ẹ wá fi 75 lọ́nà 60 lọ́nà 80, sẹ́kítọ̀ 360,000 lẹ máa rí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Tó bá jẹ́ orin la kọ sínú sẹ́kítọ̀ kan, báìtì 2,352 ló máa gbà (báìtì ni ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ohun tó ń tọ́jú), àmọ́ tó bá jẹ́ fáìlì, fọ́tò ni o, ìwé ni o, 2,048 péré ni. Níbo ni 304 tó kù wọlé sí? Ẹ ronú ẹ̀ wò: tí síídì orin bá ha, tí ẹ̀rọ ò rí ibì kan kà, á wo ohùn tó wà ṣáájú ibẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, á fojú díwọ̀n ohun tó yẹ kó wà láàárín, á dí i, etí wa ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Fáìlì ò gba irú ẹ̀ o! Báìtì kan péré tó yí padà nínú fáìlì zip, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ kó lè kéré, ó lè má ṣí mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya àyè sọ́tọ̀ nínú sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ wà fún àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀, àmọ́ báìtì 276 nínú 304 yẹn, iṣẹ́ àtúnṣe nìkan ni wọ́n wà fún, kí ẹ̀rọ lè rí ohun tó fi tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Àwọn tó ronú èyí gbìyànjú gan-an ni.

Ó dáa, 360,000 lọ́nà 2,048, báìtì 737,280,000. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òun la máa fi pín gbogbo nǹkan.

Ẹ máa bi mí pé ṣé 700 kọ́ ni wọ́n kọ sí i ni? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka MB ni. Àwọn tó ń ṣe fláàṣì àti hádì dískì, báìtì mílíọ̀nù kan gééré ni MB kan lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń ṣe síídì, 1,024 lọ́nà 1,024 ni tiwọn, ìyẹn 1,048,576, tẹ́ ẹ bá fi pín nọ́ńbà tá a kọ sílẹ̀ yẹn, 703 àti díẹ̀ ló máa fún yín, òun ni wọ́n gé sí 700. Windows náà, bíi ti síídì ló ṣe ń kà á, ohun tó fà á nìyẹn tí hádì dískì 1 TB fi ń jẹ́ 931 GB tẹ́ ẹ bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́dún 1998 wọ́n ti fún irú kejì yìí lórúkọ tiẹ̀, MiB, èmi ì bá sì fẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára páálí síídì, torí ẹni tó bá fi 700 ti síídì pín MB ti hádì dískì, òṣùwọ̀n méjì tí ò dọ́gba ló pa pọ̀ yẹn.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ẹ̀ di báìtì. 1 GB, ìyẹn báìtì bílíọ̀nù kan, síídì 2, torí 1.36 ló jáde, a ò sì lè ra àbọ̀ síídì. DVD 4.7 GB, síídì 7. Fláàṣì 64 GB, 87. Blu-ray 25 GB, 34. 1 TB wa, 1,357, síídì kan sì nípọn tó 1.2 mm, tẹ́ ẹ bá tò wọ́n léra láìsí páálí, ó máa ga tó mítà 1.63, bí ẹni pé èèyàn kan dúró síbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ Windows fúnra ẹ̀ ló sọ pé fáìlì yín jẹ́ 1 TB, 1,492 ni kẹ́ ẹ wá o. Síídì àtijọ́ 74 min, báìtì 681,984,000 lòun ń gbà.

Ohun kan ṣì kù tí ìṣirò ò lè sọ fún yín. Ká ní fídíò 10 lẹ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400 MB, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 4 GB, tẹ́ ẹ bá pín in, síídì 6. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ wọ́n, 10 lẹ máa lò, torí méjì ò lè wọ inú ọ̀kan, 800 ti ju 737 lọ. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní 7-Zip lè bá yín gé gbogbo ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó lè wọ síídì 6 yẹn, ó tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n kọ 700M sí fún síídì, àmọ́ tí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá bàjẹ́, ó lè má sí fídíò tó máa jáde dáadáa nínú èyí tó kù. Fún fídíò tẹ́ ò fẹ́ kó sọnù, ẹ jẹ́ kí kálukú wà lódindi lórí síídì tiẹ̀ jàre, kódà tó bá máa gba síídì 10.