Rawlings: Láti Inú Bàálù Ìjà Dé Orí Àga Ìjọba Gánà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ní Òṣogbo níbí, bí epo bẹntiróòlù bá ti gbówó lórí, kì í pẹ́ tí a ó fi gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé irú Rawlings ni Nàìjíríà ń fẹ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, 1979 nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ nínú ìtàn ọkùnrin náà. Mo fẹ́ kí a tọ ipa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí a tó mọ ohun tí a ń tọrọ.

Accra ni wọ́n bí Jerry John Rawlings sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, 1947. Ará Scotland ni bàbá rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Ewe sì ni ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Ó kàwé ní Achimota, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ní 1967, nígbà tó sì gboyè ní 1969, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ Speed Bird nítorí pé ó mọ bàálù wà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wa bàálù ìjà kò ráyè pe ìgbìmọ̀. Wàrà-wàrà ni yóò pinnu, bó bá sì ṣì í ṣe, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi dí i. Lójú tèmi, ìwà yìí ló bá a lọ sí ibi gbogbo, nínú ohun rere tó ṣe àti nínú aburú.

Nígbà tí ìjọba ológun fi ojú àwọn ará Gánà rí màbo, tí àwọn oníṣòwò àti ọ̀gá ológun ń kó ọjà pamọ́ kí wọ́n lè tà á lówó gọbọi, èyí tí wọ́n ń pè ní kalabule, Rawlings kó àwọn sójà díẹ̀ dìtẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, 1979. Ìdìtẹ̀ náà kùnà. Níwájú ilé ẹjọ́ ológun, ó ní kí wọ́n fi àwọn ọmọ ogun òun sílẹ̀, pé òun lòun lẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ ọ́ di ẹni àmúyangàn láàárín àwọn mẹ̀kúnnù, nígbà tó sì di ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, àwọn sójà kéékèèké já ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì fi í jẹ olórí.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti yìnbọn pa àwọn ọ̀gá ológun mẹ́jọ. Mẹ́ta nínú wọn, Acheampong, Akuffo àti Afrifa, ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè rí. George Boakye tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọmọ ogun òfurufú, ìyẹn ọ̀gá Rawlings fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjókòó bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́, kò sì sí pé ẹnikẹ́ni ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìjọba Ọbásanjọ́ bínú débi pé ó dá epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń tà fún Gánà dúró. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, Rawlings gbé ìjọba fún Hilla Limann tí aráàlú dìbò yàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1981, ó tún padà wá gba á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba kejì yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa kì í sọ. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, 1982, lásìkò òfin kónílé-ó-gbélé, wọ́n wá gbé àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga mẹ́ta àti ológun kan tó ti fẹ̀yìntì nínú ilé wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Cecilia Koranteng-Addow, jẹ́ abiyamọ. Wọ́n pa Amartey Kwei, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba Rawlings, nítorí ẹ̀sùn náà ní 1983.

Ọdún 1983 yẹn ló yẹ kí àwa tí a wà ní agbègbè yìí mọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìdílé, láti Òṣogbo dé Ìnísà, ló ní ẹni tí ìjọba Busia lé kúrò ní Gánà ní 1969. Ní oṣù Kìíní, 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sì forí lé ilé. Ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ni wọ́n bá nílé, iná ti jó oko kòkó, ọ̀wọ́ngógó sì ti ju ìdá 120 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ènìyàn rù débi pé eegun abẹ́ ọrùn wọn yọ síta, wọ́n sì ń pe eegun náà ní ṣéènì Rawlings. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Rawlings, tó ti ń bú àwọn òyìnbó amúnisìn, yíjú padà lọ́dún náà, ó bá àjọ IMF, tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, àti Báńkì Àgbáyé ṣe àdéhùn, ó sì gbà kí owó cedi já wálẹ̀ bí àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo ka èyí sí ìgboyà ju ti 4 oṣù Kẹfà lọ, nítorí pé kò fi ìbọn ṣe é, ó sì mọ̀ pé ó lè ba orúkọ òun jẹ́.

Ó gba ìwé òfin tuntun láàyè ní 1992, ó wọlé ìdìbò lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó sì di ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, 2001, ó gbé ìjọba fún John Kufuor tó lu igbákejì rẹ̀, Atta Mills, nínú ìdìbò. Ó kú ní Accra ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, 2020.

Ìwé òfin 1992 yẹn kan náà ló ní kí ilé ẹjọ́ kankan má ṣe bi àwọn tó fipá gbàjọba léèrè ohun tí wọ́n ṣe. Ọdún 2001, nígbà tí Rawlings ti kúrò lórí àlééfà, ni ìjọba tó tú òkú àwọn ọ̀gá mẹ́jọ náà jáde fún àwọn ẹbí wọn láti sin.