Idà àwọn ará Japan: báwo ló ṣe yẹ kó mú tó?

Ẹ̀yin náà á ti rí irú fídíò yẹn, ẹnì kan á na bébà sókè, á fi katana, ìyẹn idà gígùn àwọn ará Japan, là á wẹ́rẹ́, àwọn èèyàn á máa pariwo pé idà yìí mà mú o. Bébà ò sọ nǹkan kan fún yín jàre. Ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi ń gé àlùbọ́sà náà á gé bébà tẹ́ ẹ bá pọ́n ọn dáadáa. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó ni idà ni pé, kí lo fẹ́ fi gé?

Ẹ fojú inú wò ó ná. Idà méjì rèé, a gé wọn níbùú ká lè rí bí wọ́n ṣe rí. Tọwọ́ òsì pẹlẹbẹ títí dé ojú, tọwọ́ ọ̀tún wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wá tín-ín-rín, bí ìkarahun odò tó panu dé. Tọwọ́ òsì yẹn mú gan-an, àwọn tó ń fi idà gé ẹní tí wọ́n ká láti fi díje lóde òní fẹ́ràn irú ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kọ lu ọparun tó le, ojú ẹ̀ á kán pálapàla. Tọwọ́ ọ̀tún ò gé ẹní wẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní irin tó gbé ojú ẹ̀ ró. Tó bá jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, èmi ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan tòsì, torí bó pẹ́ bó yá ó máa fi gbá igi tí wọ́n gbé ẹní lé ni.

Ìdí tójú ẹ̀ fi ń kán ni pé alágbẹ̀dẹ ti fi amọ̀ bo idà, fẹ́lẹ́ lójú, nípọn lẹ́yìn, kó tó kì í bọná kó sì tì í bọ omi. Ojú tètè tutù, ó wá le koko, ẹ̀yìn ò tètè tutù, ó rọ̀ díẹ̀. Irin tó le koko kì í tẹ̀, ṣe ló ń kán.

Báwo la ṣe ń dán an wò? Ẹní tatami ni, ìyẹn ẹní koríko àwọn ará Japan, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á gbé e nàró. Tẹ́ ẹ bá ti gé e tán, ẹ gbé èyí tó já bọ́, ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé. Tí koríko bá ń so rọ̀ létí ìsàlẹ̀ níbi tí idà ti jáde, ó ṣeé ṣe kójú idà ti kú. Àmọ́ tí ojú ibẹ̀ bá jin kòtò dípò kó tẹ́jú, ẹ má dá idà lẹ́bi, ọwọ́ yín ló yí. Ojú idà àti ibi tẹ́ ẹ jù ú sí gbọ́dọ̀ bára mu, hasuji ni wọ́n ń pè é, àìmọ̀ ọ́n ló ń jẹ́ káwọn kan máa pọ́n idà lójoojúmọ́ nígbà tó jẹ́ tíṣà ni wọ́n nílò.

Ẹ má fìka kàn án wò o, á gé yín, òógùn ọwọ́ á sì jẹ́ kó dógùn-ún. Ẹ gbé ojú ẹ̀ sábẹ́ iná, ẹ wò ó látòkè. Ojú tó mú kì í tan ìmọ́lẹ̀ padà, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń kọ yẹ̀rì, ibẹ̀ ti kú tàbí ó ti kán.

Láyé Edo, nígbà táwọn shogun, ìyẹn olórí ogun, ń ṣàkóso Japan, ìdílé Yamada Asaemon ló ń dán idà wò fún shogun, òkú ọ̀daràn ni wọ́n sì fi ń dán an wò, ẹ má bínú tẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́. Idà tó bá gé òkú méjì tí wọ́n tò léra já lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè fi góòlù kọ ọ́ síbi tó wọnú èèkù. Ẹ ò rí i pé ohun tó gé ni wọ́n kọ, wọn ò kọ pé ó lè fá irun.

Tó bá jẹ́ idà àtijọ́ lẹ ní, ẹ má pọ́n ọn fúnra yín, irin tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn, togishi, ìyẹn ẹni tó mọṣẹ́ pípọ́n idà, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá. Tó bá sì jẹ́ fífà á yọ látinú àkọ̀ lẹ ń kọ́, ẹ ra iaito, ìyẹn idà ìdánrawò tí ò mú rárá, torí idà tó mú máa ń la àkọ̀ já sọ́wọ́ òsì tó dì í mú.