Omi Ló Gbé Ọgbà Aṣálẹ̀ Anza-Borrego Ró

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹ fojú inú wo nǹkan yìí ná. Oṣù Keje ni, ní gúúsù Kalifọ́níà. Ooru ti kọjá 40 ní ìwọ̀n Celsius. Síbẹ̀, àwọn kan jókòó sábẹ́ òjìji àpáta láti àárọ̀, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà lójú wọn, ìwé àti bírò wà lórí itan. Àgùntàn ni wọ́n ń kà. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn.

Anza-Borrego nibẹ̀ yẹn, ọgbà ìpínlẹ̀ tó tóbi jù ní Kalifọ́níà. Ilẹ̀ rẹ̀ ju 600,000 ékà lọ. Àgùntàn tí mo ń wí kì í ṣe àgùntàn ilé o. Àgùntàn igbó oníwo ńlá ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ lórí àpáta. Ní ọdún 1996, èyí tó kù nínú irú wọn lórí àwọn òkè wọ̀nyí, títí dé ààlà Mẹ́síkò, kò tó 300. Nígbà tó di 1998, ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn ẹranko tó fẹ́ run.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí ooru mú jù ni wọ́n ń kà wọ́n? Nígbà tí òjò bá rọ̀, àgùntàn lè mumi níbikíbi, wọ́n á fọ́n ká orí òkè, ojú ò ní tó wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dá bá ti mú, gbogbo kòtò omi á gbẹ, á wá ku ìsun bíi mélòó kan. Dandan ni kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá mu. Ẹni tó bá fara balẹ̀ jókòó nítòsí ìsun á rí wọn. Láti 1971 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á kọ akọ mélòó, abo mélòó, ọmọ mélòó, àti aago tí wọ́n dé. Iye ọmọ ṣe pàtàkì gan-an lójú tèmi, torí bí ọmọ bá ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn àwọn ìyá, nǹkan ń ṣe agbo náà nìyẹn.

Igi kan wà tó ń bá wọn du omi ọ̀hún, tamarisk lorúkọ rẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, kí ó lè máa dí atẹ́gùn. Ó wá tàn kálẹ̀ dé etí ìsun, ó ń fa omi, ó sì ń lé igi ìbílẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá gé e lásán, á tún hù. Ẹ gbọ́dọ̀ gé e, kí ẹ fi oògùn sí kùkùté rẹ̀ kíá, kí ẹ sì tún padà wá wò ó. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ní Coyote Canyon, àfonífojì kan nínú ọgbà náà, wọ́n tún máa ń ti ọ̀nà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí dé òpin oṣù Kẹsàn-án, kí ariwo ọkọ̀ má baà lé àgùntàn kúrò nídìí omi.

Omi yìí kan náà ló mú kí ènìyàn gbé ibẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Kumeyaay àti Cahuilla ti wà lórí ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Bí ẹ bá dé Blair Valley, àfonífojì mìíràn nínú ọgbà náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo orí àpáta: ihò roboto ni ẹ ó rí, ó jinlẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dán. Odó ni. Àpáta gan-an ni wọ́n fi ṣe odó, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń gún èso igi níbẹ̀ láti ìran dé ìran ló gbẹ́ ẹ jìn. Kò jìnnà síbẹ̀, àwòrán pupa wà lára òkúta. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà láàyè o, àwọn kan ń gbé lórí ilẹ̀ tiwọn tó bá ọgbà náà pààlà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé a lè tọ́jú ẹranko ká pa ogún baba àwọn ènìyàn yìí tì.

Owó náà ń ṣe bẹbẹ. Nínú ọgbà yìí, ilẹ̀ aládàáni wà káàkiri tí olówó lè kọ́lé sí. Láti 1967 ni ẹgbẹ́ Anza-Borrego Foundation ti ń gba ọrẹ aráàlú, tí wọ́n ń fi ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọgbà. Èyí tí wọ́n ti rà ti lé ní 50,000 ékà. Ibikíbi tí ẹ bá wà lágbàáyé, ẹ lè dá sí i.

Bí ẹ bá sì lọ fúnra yín, ẹ má mú ajá gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Wọn ò gbà á. Ẹ má pàgọ́ sétí omi. Ẹ má fọwọ́ kan àwòrán ara òkúta, òróró ara wa ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá rí àpáàdì nílẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, torí ibi tó wà gan-an ló ń sọ fún àwọn onímọ̀ àti àwọn Kumeyaay ohun tí àwọn ará àtijọ́ ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ fún òṣìṣẹ́ ọgbà.