Dẹ́ńsítì: báwo ni 2.7 ṣe di 2700?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà níwájú mi yìí, lítà 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ló kún èyí, epo pupa ló kún ìyẹn. Tí a bá gbé omi sórí òṣùwọ̀n, kílò 25 ni. Tí a bá gbé epo, ó máa sún mọ́ kílò 22 ààbọ̀. Kẹ́ẹ̀gì ò yàtọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bù nínú epo. Ibo wá ni kílò méjì ààbọ̀ gbà lọ?

Kò lọ síbì kankan. Dẹ́ńsítì epo ló kéré sí ti omi. Àyè tí wọ́n gbà dọ́gba, ẹrù tó wà nínú àyè yẹn ni kò dọ́gba. Ẹ mú máàsì, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù náà, ẹ pín in sí fọ́lúùmù, ìyẹn àyè tó gbà, ó parí. Àmì rẹ̀ ni ρ, lẹ́tà àwọn Gíríìkì ni, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe p.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Epo ki lójú ju omi lọ, ó sì máa ń rọra ṣàn ni, síbẹ̀ orí omi ló ń léfòó sí. Kí nǹkan ki lọ́tọ̀, kí dẹ́ńsítì rẹ̀ ga lọ́tọ̀.

Mo ní àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ lọ ra gàárì lọ́jà Kútọ̀. Ìyá onígàárì á rọra máa bù ú sínú kóńgò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni pé ẹyin ló ń kó. Ẹ wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n." Ó bá gbọ̀n ọ́n, gàárì wọlẹ̀, àyè yọ lókè, ó di dandan kó tún bù sí i. Kóńgò ò tóbi sí i rárá, gàárì inú rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Dẹ́ńsítì lẹ fi ẹnu lásán gbé sókè yẹn! Màmá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn ní físíìsì lórúkọ ni. Ẹ ò rí i pé ojú rẹ̀ fà ro?

Ó dáa. Òkúta rèé. Ìsàlẹ̀ Olúmọ ni mo ti ṣà á, lójú títì. Máàsì rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 540. Omi tó wà nínú sílíńdà yìí dúró sí mílílítà 300. Mo rọra sọ òkúta sí i... ó ti gun 500. Mílílítà kan àti sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, ọ̀kan náà ni, torí náà fọ́lúùmù òkúta wa jẹ́ 200 cm³. 540 pín sí 200, ó jẹ́ 2.7 g/cm³. Géránáàtì ni òkúta Olúmọ, géránáàtì kì í sì í jìnnà sí 2.7 yẹn.

Ẹ wá yí i sí kg/m³ fún mi. Hẹ̀n-ẹ́n! Ibí ni gbogbo yín ti máa ń ṣubú. Ẹ máa ní, "Mítà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, torí náà 2.7 lọ́nà 100, gíráàmù 270." Ẹ pín in sí 1000, ẹ kọ 0.27 kg/m³ sílẹ̀, ẹ sì fa ìlà méjì sí i lábẹ́. Ìlà méjì!

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, mítà kúbíìkì kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.2. Ẹ wá ní òkúta fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Olúmọ á ti fò lọ tipẹ́. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé ní 1830, wọn ò bá má bá àpáta kankan nílẹ̀ tí wọn máa sá sí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mítà KÚBÍÌKÌ. Ó ní gígùn, ó ní ìbú, ó ní gíga. 100 lọ́nà 100 LỌ́NÀ 100 LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I. Mílíọ̀nù kan ni! Tánkì dúdú onílítà 1000 tó wà lókè irin nílé yín, mítà kúbíìkì kan gééré ló ń gbà. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 100 péré ni, omi tánkì yẹn ò ní kún píọ́ wọ́tà kan.

Torí náà, tí 1 cm³ bá ní gíráàmù 2.7, mítà kúbíìkì máa ní mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 gíráàmù. Ẹ pín ìyẹn sí 1000 kó lè di kílò: 2700 kg/m³. Láti g/cm³ sí kg/m³, Ẹ SỌ Ọ́ DI Ọ̀NÀ 1000. Ẹ tún un sọ. Ọ̀NÀ 1000! Tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ pín in sí 1000. Omi, 1 di 1000. Mákúrì, 13.6 di 13,600. Wúrà, 19.3 di 19,300. Ti kílò lórí lítà kò tiẹ̀ ní wàhálà, nọ́ńbà tó bá wà lára g/cm³ náà ni.

Ooru náà ń yí dẹ́ńsítì padà. Epo tó bá gbóná máa ń wú, àyè tó gbà á pọ̀ sí i, dẹ́ńsítì rẹ̀ á wálẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ tẹ́ńpíréṣọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà nínú àwọn tábìlì yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe WAEC, tí wọ́n bá bi yín ní relative density, ẹ pín dẹ́ńsítì nǹkan náà sí ti omi. Òkúta wa, 2.7 pín sí 1, ó jẹ́ 2.7. Yúnìtì ti lókè, yúnìtì ti nísàlẹ̀, wọ́n ti pa ara wọn. Ẹ má kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá kọ g/cm³ síbẹ̀, wọ́n á gé máàkì ẹ̀, mi ò sì ní bá a bẹ̀bẹ̀.