Ta ló ni bírò? Lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó jẹ́ ẹyọ kan lẹ́nu wa

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, Òkun o. Ohun tí mo bá àwọn olùkọ́ sọ ní Kàbà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn ará Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ tí wọn ò ráyè wá. Mo gé e kúrú díẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ká kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, affect àti effect ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà principal àti principle. Àwọn yẹn ò le. Etí ló ń tan ọmọ jẹ níbẹ̀, tó bá sì ń kàwé déédéé, ojú rẹ̀ á là sí i: principal ni ọ̀gá ilé ìwé, principle ni ìlànà téèyàn ń tẹ̀ lé. Ó parí. Àwọn tó ń jẹ máàkì ọmọ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, nínú ìdánwò ni àwọn méjì tí ò jọra rárá, yálà lójú tàbí létí, àmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo la fi ń sọ méjèèjì nílé.

Ẹ mú borrow àti lend. Yá ni a ń pe méjèèjì. Bí mo bá ní "Mo yá Bọ́dé lówó," owó kúrò lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ní "Mo yá owó lọ́wọ́ Bọ́dé," owó wọlé fún mi. Yá ò yí padà. Ètò gbólóhùn ló ń sọ ibi tí owó gbà. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe tiẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ló fi í sí: ẹni tó ni nǹkan ló ń lend, ẹni tó ń wá a ló ń borrow. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi ń sọ pé "Borrow me your biro." Kì í ṣe olódo. Gírámà ilé rẹ̀ ló ń lò, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn kó sínú rẹ̀. Tí olùkọ́ bá fi bírò pupa fa ìlà sí i, tó kọ lend sórí rẹ̀, ọmọ náà á tún sọ ọ́ lọ́la. Ẹ bi í léèrè pé: ta ló ni bírò? Tó bá jẹ́ ẹni tó ni ín ni olùwà gbólóhùn, lend ni. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń tọrọ rẹ̀, borrow ni. Nítorí náà, "Can you lend me your biro?" àti "Can I borrow your biro?" ń wá ohun kan náà, olùwà wọn ló yàtọ̀.

Borrow ní ìtàn kan tó wúlò. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, borg, ló ti wá, ohun ìdógò sì ni borg. Àwọn àgbà tó mọ ètò ìwọ̀fà mọ̀ pé ẹni tó wá yáwó ló ń fi nǹkan dúró, kì í ṣe ẹni tó fún un lówó. Ọmọ tó bá rántí ìdógò, ó ṣòro kó ṣi borrow lò.

Learn àti teach náà nìyẹn. "Mo kọ́ iṣẹ́ télọ̀," "Mo kọ́ ọ níṣẹ́ télọ̀": kọ́ kan náà ni. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí ẹ̀yin ará Áńgílíkà ṣí Sáàmù 119, ẹsẹ 66, nínú Ìwé Àdúrà àtijọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì: learn lẹ ó bá níbẹ̀, níbi tí a ó ti kọ teach lónìí. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ tó bá ní "He learned me" ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, WAEC ò sì ní gbà á.

Ní ti rob àti steal, a ò lè di ẹ̀bi ru Yorùbá. Àwa náà ya jíjí sọ́tọ̀ kúrò lára jíjà lólè. Èèyàn tàbí ibì kan ni wọ́n ń rob. Nǹkan ni wọ́n ń steal. Wọ́n rob báńkì, wọ́n steal owó. Ẹni tó bá ní "They stole me," bí ẹni pé wọ́n jí òun gbé ló ń sọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì ṣeé fi ṣeré lójú ọ̀nà wa lásìkò yìí.

Àwọn kan ò gba àlàyé gígùn. Ohun ìjà ló ń wound èèyàn. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà, injured ni. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń hire nǹkan fún ìgbà kúkúrú, bí aṣọ ìgbéyàwó, a sì ń rent ilé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi rent sọ méjèèjì. Òórùn, smell ni, kì í ṣe hear, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ń gbọ́ ọ.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni "I'm coming." Èèyàn á dìde láàárín àlejò, á ní "I'm coming," á sì jáde lọ. Mò ń bọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn ni pé òun á padà wá. Àmọ́ come tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, ẹni tó ń sún mọ́ ọ ló wà fún. Àlejò tí ò gbọ́ Yorùbá á máa wo ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ, ẹnu á yà á. "I'll be back" ló yẹ. Sorry náà ní tirẹ̀. Àwa ní Òkun tí a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí a fi ń kí ẹni tó wà nínú wàhálà, nítorí náà bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, sorry jáde lẹ́nu wa kíá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi sorry kẹ́dùn pẹ̀lú ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n fún ẹsẹ̀ kíkọ, wọ́n lè rò pé ìwọ lo fà á. Èmi ò ní sọ pé ká jáwọ́ nínú rẹ̀ láàárín ara wa o. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ kan láti Ìjùmú béèrè pé òun ń gbọ́ "Loan me some money" nínú fíìmù Amẹ́ríkà, ṣé àṣìṣe ni? Rárá. Ní Amẹ́ríkà, loan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà, pàápàá tó bá jẹ́ owó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fẹ́ràn kí loan jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, kí lend máa ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ìdánwò tiwa, kí ọmọ kọ lend.