Ta Ló Láṣẹ Láti Fi Kún Iye Sáà? Ọ̀rọ̀ Ìlú New York

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ iye sáà tó yẹ kí àwọn aláṣẹ ìlú lò lórí àga la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. New York ni mo mú, torí pé láàárín ọdún 1993 sí 2010, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú olùdìbò níbẹ̀, ibì kan náà sì ni àwọn èèyàn dúró sí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́dún 1993, olówó kan tó ń jẹ́ Ronald Lauder náwó gidi sí ìpolongo pé kí Mayor, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, àwọn aṣòfin ìlú àtàwọn aláṣẹ mìíràn tí wọ́n ń dìbò yàn má ṣe lò ju sáà méjì léraléra lọ. Ará ìlú gbà. Lọ́dún 1996, àwọn aṣòfin ní kí ó di sáà mẹ́ta. Ará ìlú kọ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ Lehman Brothers ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ìdààmú owó gba ìgboro kan, sáà kejì Mayor Michael Bloomberg sì ń parí lọ. Ó ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa ìṣúná. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ kò bi olùdìbò. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹlẹ́ni 51 ló gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ sáà ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà ló ń tán lọ. Àwọn kan níbẹ̀ dá a lábàá pé kí ará ìlú kọ́kọ́ dìbò lórí rẹ̀. Àbá náà ṣubú. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, 29 gbà á, 22 kọ̀ ọ́, sáà méjì di mẹ́ta.

Àwọn tó bínú pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ìgbìmọ̀ lágbára láti yí òfin tí ìbò ará ìlú gbé kalẹ̀ padà. N kò bá adájọ́ jiyàn òfin. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tí wọ́n fi òfin náà dè gan-an ló tú ara wọn sílẹ̀.

Bloomberg ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ láti àpò ara rẹ̀ sórí ìbò sáà kẹta lọ́dún 2009, síbẹ̀ díẹ̀ báyìí ló fi borí William Thompson tó bá a du àga náà. Lọ́dún 2010, nǹkan bí olùdìbò mẹ́ta nínú mẹ́rin dá òfin padà sí sáà méjì. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́: sáà kẹta ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè tí wọ́n kọ sórí ìwé ìdìbò lọ́dún 2010 yẹn dáadáa. Ohun mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀, “bẹ́ẹ̀ ni” kan ṣoṣo ni èèyàn sì lè fi dáhùn. Àkọ́kọ́, sáà di méjì. Èkejì, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní ìdìbò 2010 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló mú, torí náà àwọn tó wọlé lọ́dún 2009 ṣì láǹfààní sáà mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iye sáà àwọn tó wà lórí àga lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ sáà méjì, tí kò sì fẹ́ ojúsàájú tó wà nínú èkejì yẹn, kò rí ibi sọ ọ́.

Los Angeles náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2006. Wọ́n fi sáà kan kún ti àwọn aṣòfin ìlú, wọ́n sì so ó mọ́ òfin tó ń ká àwọn alágbàwí tó ń wá ojúrere aṣòfin lọ́wọ́ kò. Ó kéré tán, wọ́n bi ará ìlú.

Àwọn tó lòdì sí òpin sáà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Nígbà tí òfin 1993 bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìgbìmọ̀ New York ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣòfin á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣúná, ọjọ́ rẹ̀ á ti pé, àwọn alágbàwí tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn á sì kù síbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi bá ẹni tó fẹ́ sáà mẹ́ta jà, bó bá lè gbé e wá síwájú olùdìbò.

Ìlànà ẹ̀kẹta ti 2010 yẹn kù díẹ̀ káàtó. Ó dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ aṣòfin tó fẹ́ fi kún sáà tirẹ̀, àmọ́ ìgbìmọ̀ ṣì lè yí i fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbólóhùn kan ni ì bá wù mí kí wọ́n fi kún un: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí iye sáà padà, kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ olùdìbò.